Okùn Tí Ìyá Ìbráhìm Fi Ń Ta Wáyà

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún 2024. Fóòtì mẹ́tàdínlógóje.

Iye agbára iná tí tẹ́sítà mi kà nìyẹn lẹ́nu kọ́mpúrẹ́sọ̀ tó ń mú yàrá ẹja Ruqoyah tutù ní Itele, ní agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Fóòtì igba ó lé ogún ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà. Bí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá kéré tó báyìí nígbà tó bá fẹ́ dìde, kò ní lè dìde. Yóò máa kùn, ara rẹ̀ yóò máa gbóná, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan wáyà inú rẹ̀ yóò jó. Méjì ti kú bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ẹja kan náà, ọ̀kan ní oṣù kọkànlá, èkejì ní oṣù kìn-ín-ní. Ẹ̀kẹta ni mo ń wò yìí.

Ruqoyah dúró lẹ́yìn mi. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé bí èyí bá jó, òun yóò ti ilẹ̀kùn, òun yóò padà sí Àgbárá. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń di ọjà sí páálí ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ á gbé e ní ìdájí, nígbà tó bá sì padà dé, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti sùn. Yàrá ẹja yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní kóòlúrúùmù, ló fi bọ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, tẹ́sítà mi kọ́ ló gba yàrá yẹn sílẹ̀. Okùn kan ni. Ẹni tó ni okùn náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àdìzát ni orúkọ rẹ̀. Ìyá Ìbráhìm ni gbogbo àdúgbò Joju ní Sango ń pè é. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù wáyà kan tí èèyàn mẹ́ta kò lè dúró nínú rẹ̀ kí ìgbọ̀nwọ́ má kan ìgbọ̀nwọ́. Láti ọdún 2022 ni mo ti háyà yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀rọ ni mò ń tún ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Sango. Ọ̀sán ni iṣẹ́ mi ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìsinmi mi, nítorí náà mo máa ń ráyè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, kí n máa wo bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ra ohun tí yóò pa ẹ̀rọ wọn.

Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ ìmọ̀ iná mànàmáná ní yunifásítì. Mo mọ ohun tí wáyà ń ṣe. Wáyà dà bí oníbodè: iná tó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kò ní ṣàì fi nǹkan sílẹ̀. Bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó, bí wáyà bá ṣe tín-ín-rín tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí oníbodè ń gbà ṣe ń pọ̀ tó. Kọ́mpúrẹ́sọ̀ ni ọ̀ràn náà sì ń dun jù, nítorí pé ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá fẹ́ dìde, iná tó ń fà máa ń tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà èyí tó ń fà nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́. Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Àwọn tó ń so iná ní Sango kò ka ìwé náà. Àwọn tó kà á kò wá sí Sango.

Ìyá Ìbráhìm kò kà á. Ara òkú ló ti kọ́ ọ.

Kó tó máa ta wáyà, ọdún mọ́kànlá ló fi ń ra kọ́mpúrẹ́sọ̀ tó ti jó. Wọ́n á gbé e wá fún un, yóò fi ayùn irin gé e, yóò yọ wáyà bàbà tí wọ́n ń pè ní kọ́pà nínú rẹ̀, yóò tà á fún àwọn tó ń yọ́ ọ. Iṣẹ́ ẹlẹ́gbin ni. Ọ́ìlì dúdú, òórùn bí irun tó jó. Àwọn yòókù tó ń ṣe òwò náà kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó gbé òkú ẹ̀rọ wá. Òun ń béèrè ohun kan ṣoṣo: láti ibi tí ẹ ti fa iná dé ibi tí ẹ̀rọ yìí wà, ó tó yáàdì mélòó? Bí ẹni náà bá dáhùn, yóò fi ẹfun kọ iye náà sẹ́yìn ẹ̀rọ. Mo bi í léèrè ìdí tó fi ń kọ ọ́. Ó ní òun kò mọ̀, pé ó kàn ń wu òun láti mọ ibi tí wọ́n kú sí.

Ní ọdún kọkànlá, àwọn tó ń ra kọ́pà kò wá fún oṣù méjì. Òkú ẹ̀rọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó to ogójì sára ògiri, ó jókòó, ó sì rí gbogbo ẹfun náà lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin péré ni iye ara wọn kò tó ogún yáàdì. Ọgbọ̀n, ogójì, àádọ́ta, ọgọ́rin ni àwọn yòókù.

"Mo rẹ́rìn-ín," ó sọ fún mi. "Mo ní, Àdìzát, o ti ń jẹun nídìí ikú àwọn wọ̀nyí látọjọ́ yìí, o kò sì mọ ohun tó ń pa wọ́n."

Nígbà tí àwọn oníkọ́pà dé, ó ta gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù wáyà.

Okùn rẹ̀ gùn ní ọgọ́rùn-ún yáàdì. Irú èyí tí àwọn onítírélà fi ń di ẹrù ni. Ó ta kókó sí i ní yáàdì kọ̀ọ̀kan, ó sì so aṣọ pupa mọ́ gbogbo kókó kẹwàá. Bí o bá fẹ́ ra wáyà kọ́mpúrẹ́sọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wàá kọ́kọ́ mú okùn lọ sílé. Wàá tẹ́ ẹ gba ibi tí wáyà yóò gbà gan-an, gbogbo kọ́nà, ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀. Wàá mú okùn padà, wàá sọ iye kókó, nígbà náà ni yóò sọ wáyà tí ó tọ́ sí ọ. Bí o kò bá mú okùn, kò ní tà fún ọ. Àwọn oníṣẹ́ iná ń bú u. Wọ́n ní kò mọ òwò. Ṣọ́ọ̀bù wáyà mẹ́ta ní òpópónà yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn níṣojú mi. Tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo bi í nígbà kan bóyá ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀ ju èyí lọ kò wù ú. Ó ń bó ẹ̀pà sísè.

"Kí n fi ṣe kí ni, Injiníà? Kí n lè máa pariwo kí ẹni tó wà lẹ́yìn tó gbọ́ mi?"

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, Ruqoyah wá sí ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú Bọ̀wálé, ọmọ Ìkìrun tó ń bá a so iná. Bọ̀wálé kò tíì wọlé tán tó fi sọ̀rọ̀.

"Ìyá wa, ẹ fún wa ní yáàdì mẹ́wàá. Tú-pọ́ìntì-fáìfù." Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé ni ó ń wí.

"Káàbọ̀, Bọ̀wálé. Ṣé ìkíni ti tán ní Ìkìrun ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ káàárọ̀. Oòrùn ló gbé e lọ lẹ́nu mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kọ́mpúrẹ́sọ̀ kóòlúrúùmù. Tíríì họ́ọ̀sì ni agbára rẹ̀, tuntun."

"Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Bọ̀wálé wo àgbá wáyà bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ruqoyah ló dáhùn. "Ó jó, mà. Èyí tó ṣáájú ẹ̀ náà jó."

"Méjì. Ẹ sì tún fẹ́ fi irú wáyà tó sìnkú wọn gba àlejò." Ó na ọwọ́ sí ìṣó tí okùn wà. "Bọ̀wálé, mú okùn lọ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ okùn kúrò nínú eléyìí. Mo mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó. Yáàdì mẹ́wàá ni."

"Mú un lọ."

"Ẹni tó bá rí mi lójú ọ̀nà á ní mo lọ jí màlúù."

"Sọ fún wọn pé màlúù náà ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ruqoyah rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ kíákíá, bí ẹni tó rántí ohun tó gbé e wá.

Kí ó tó di agogo kan, wọ́n padà dé. Yáàdì mẹ́rìnlá ni, láti ibi mítà iná dé ìdí kọ́mpúrẹ́sọ̀. Bọ̀wálé ní òun jẹ̀bi yáàdì mẹ́rin. Ìyá Ìbráhìm gé wáyà oní-mílímítà mẹ́fà fún wọn, èyí tó nípọn ju ìlọ́po méjì èyí tí Bọ̀wálé béèrè lọ. Mo wà níbẹ̀. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn páálí kan, ó bára mu, mo fi hàn án. Ó ní ó dáa. Mo lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú inú dídùn.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n so kọ́mpúrẹ́sọ̀ kẹta. Iná ìjọba wà, ó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin láìsí ìyọnu. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí í ṣe ọjọ́ kejì ààwẹ̀, wọ́n mú iná lọ. Ruqoyah tan jẹnẹrétọ̀. Kọ́mpúrẹ́sọ̀ náà ń kùn, kò dìde. Ó pa á, ó pe Ìyá Ìbráhìm lórí fóònù. Ìyá Ìbráhìm gbé okùn sí èjìká, èmi mú tẹ́sítà, a wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ sí Itele. Bọ̀wálé ti wà níbẹ̀. Ruqoyah tún tan jẹnẹrétọ̀ fún wa, mo fi ẹnu tẹ́sítà kan ẹ̀rọ, Bọ̀wálé gbìyànjú láti tan kọ́mpúrẹ́sọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Mẹ́tàdínlógóje.

"Jẹnẹrétọ̀ yìí kò lágbára," ni mo wí. "Ẹ ní láti pààrọ̀ rẹ̀."

Ojú Ruqoyah fà ro. Ẹja ogójì páálí ló wà nínú yàrá náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí n kúkú lọ pe àwọn ará Àgbárá."

Ìyá Ìbráhìm ti jókòó sórí páálí kan. Kò wo tẹ́sítà mi rárá.

"Ruqoyah, ṣé jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà."

"N kò gbọ́ ọ."

A dákẹ́ láti gbọ́. A gbọ́ ewúrẹ́. A gbọ́ àwọn ọmọ kéú nínú mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ wa. Ohùn jẹnẹrétọ̀ kàn ń wá lọ́nà jíjìn, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ibo ló wà?"

"Ẹ̀yìn kànga, mà, ní ìsàlẹ̀ ọgbà. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí ló wà tẹ́lẹ̀. Ariwo rẹ̀ máa ń bo ìwàásù mọ́lẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Wọn kò bá mi jà o, èmi ni ojú ń tì. Ni mo bá ní kí Bọ̀wálé bá mi gbé e lọ sẹ́yìn."

"Nígbà wo?"

"Oṣù kẹwàá."

"Kọ́mpúrẹ́sọ̀ àkọ́kọ́, ìgbà wo ló jó?"

Ruqoyah yíjú sí ìsàlẹ̀ ọgbà. "Oṣù kọkànlá, mà."

"Bọ̀wálé, ṣé o tẹ́ okùn fún wáyà jẹnẹrétọ̀?"

"Rárá, mà. A kì í ka ti jẹnẹrétọ̀. Ìdí ilé ló máa ń wà."

Òun nìkan kọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo oníṣẹ́ iná tí mo mọ̀ láti Sango dé Itele ló ń wọn wáyà iná ìjọba, tí wọn kì í wọn ti jẹnẹrétọ̀, nítorí pé iná ìjọba ni wọ́n kà sí iná, jẹnẹrétọ̀ sì jẹ́ ohun tí wọ́n kàn ń fi dúró dè é. Ní Itele, wákàtí mẹ́fà ni iná ìjọba ń wà lójúmọ́ bí ó bá ṣe dáadáa. Wákàtí méjìdínlógún yòókù, jẹnẹrétọ̀ ni. A wọn ọ̀nà tí iná ń gbà ní wákàtí mẹ́fà, a fi ti wákàtí méjìdínlógún sílẹ̀. Mò ń gbé nínú ìlú yìí. Mo mọ iye wákàtí náà. Mo ní ìwé ẹ̀rí. N kò béèrè. Ìṣirò tí mo fi inú dídùn lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pé pérépéré, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí kì í dárí ji Bọ̀wálé kò gbọdọ̀ dárí ji ara mi.

A tẹ́ okùn láti ìdí jẹnẹrétọ̀, gba ẹ̀bá ọgbà, yí balùwẹ̀ po, dé ibi àpótí tí wọ́n fi ń yí iná láti ọ̀dọ̀ ìjọba sí ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀. Kókó méjìdínlọ́gọ́ta. Wáyà tó wà níbẹ̀ ni tú-pọ́ìntì-fáìfù, èyí tí Bọ̀wálé so pọ̀ lójú mẹ́ta nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn. Ojú ìsopọ̀ kan ti dú bí iṣu tí wọ́n gbàgbé sínú iná. Mo tún ìwọ̀n ṣe: lẹ́nu jẹnẹrétọ̀, igba ó lé márùn-ún. Lẹ́nu kọ́mpúrẹ́sọ̀, mẹ́tàdínlógóje. Oníbodè ti gba fóòtì méjìdínláàádọ́rin. Jẹnẹrétọ̀ kò ní àìsàn kankan.

Bọ̀wálé wo wáyà dúdú náà. "Èmi ni mo pa wọ́n," ó wí fún Ruqoyah. "Ẹ má bínú sí mi, mà."

"Èmi ni mo ní kí o gbé e," ni Ruqoyah wí.

"Ẹ fi ẹjọ́ sílẹ̀, ẹja kò lè dúró dè yín," ni Ìyá Ìbráhìm wí. "Oní-mílímítà mẹ́wàá ló máa gbà. Yáàdì àádọ́ta ló kù lórí àgbá. Ọjọ́bọ̀ ni òmíràn máa tó dé."

"Ká fi mẹ́jọ mìíràn so mọ́ ọn," ni Bọ̀wálé wí.

"O tún fẹ́ so nǹkan pọ̀."



Ìyá Ìbráhìm ká okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tẹ́ fúnra rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí gba ara ògiri mọ́ṣáláṣí, èyí tó lọ gbọnrangandan láti ẹ̀yìn kànga. Ruqoyah ní kò ṣeé ṣe. Ó ní òun kò lè lọ kan ìṣó mọ́ ilé Ọlọ́run nítorí ẹja, pé wọn yóò ní òun ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbráhìm kò bá a jiyàn. Ó yí wọ inú ọgbà mọ́ṣáláṣí, mo tẹ̀ lé e. Láwàlì, baba arúgbó tó ń pe ìrun níbẹ̀, ń fọ bútà lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ẹ kú ààwẹ̀, Baba. A fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ yín kí wáyà kan gba ara ògiri yín kọjá. Ti Ruqoyah ẹlẹ́ja ni."

"Ruqoyah tó gbé ariwo lọ sẹ́yìn?"

"Òun ni, sà."

"Ọjọ́ tí ariwo yẹn kúrò, mo rò pé mo ti di adití. Mo ní kí ìyàwó mi pè mí kí n fi mọ̀." Ó da omi inú bútà nù. "Ó pè mí lóòótọ́. Kò tíì dákẹ́ dòní."

"Ṣé kí a gbà á, sà?"

"Ẹ gbà á. Àmọ́ kó ga o, kí àwọn ọmọ kéú má fi í ṣe jangilófà."

Kókó mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ọ̀nà náà. Wáyà orí àgbá tó.

Èmi àti Bọ̀wálé lọ gbé wáyà náà wá láti Joju. Bọ̀wálé kàn án mọ́ ògiri láti orí àkàbà, ó tọ́ bí ìlà tí a fi rúlà fà, kò sí ojú ìsopọ̀ kankan. Láti agogo méjì sí agogo mẹ́rin kọjá ló fi ṣe é nínú oòrùn, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Mo wá àléébù nínú iṣẹ́ náà. N kò rí.

Ní agogo mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú, Ruqoyah tan jẹnẹrétọ̀. Bọ̀wálé wò mí, mo wo tẹ́sítà. Ó tan kọ́mpúrẹ́sọ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́wàá, fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà, igba ó lé méjìlá, bí jẹnẹrétọ̀ ṣe rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti dìde. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó dọ́gba, bí ohùn ẹni tó ti sùn lọ. Ruqoyah gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yàrá ẹja, kò gbé e kúrò títí òtútù fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kò sọ̀rọ̀ Àgbárá mọ́.

Ìyá Ìbráhìm dúró fún wákàtí kan gbáko. Lẹ́yìn èyí ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà tuntun náà níbi mẹ́ta. Ó tutù. Ó wá jókòó. Nígbà tí Láwàlì pe ìrun àṣálẹ́, omi láti inú kóòlúrúùmù ni gbogbo wa fi ṣínu, Láwàlì náà pẹ̀lú, Ruqoyah sì gbé àgò kan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ kéú. Èmi kì í gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹun láti àárọ̀, mo mu tèmi. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Òkú kọ́mpúrẹ́sọ̀ méjèèjì ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ilé Ruqoyah. Ìyá Ìbráhìm béèrè ẹfun lọ́wọ́ àwọn ọmọ kéú, ó kọ 58 sí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, ó gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́ Máruwá. Àwọn ló fi ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dòní kí atẹ́gùn má pa á dé. Ẹ̀kẹta ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Itele. Bọ̀wálé ti ta kókó sí okùn tirẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní olówó màlúù. Òfin ṣọ́ọ̀bù náà ti yí díẹ̀: iye kókó méjì ni Ìyá Ìbráhìm ń béèrè báyìí, ti iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀, ti jẹnẹrétọ̀ ló sì ń kọ́kọ́ béèrè. Nínú ọdún márùn-ún tí mo lò ní yunifásítì, kò sí olùkọ́ kan tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, jẹnẹrétọ̀ rẹ wà níbì kan, ẹnì kan ló sì gbé e síbẹ̀ nítorí ìdí kan tó dára. Dìde. Wá okùn. Tẹ́ ẹ láti ìdí rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ tí o gbójú oúnjẹ lé, má fo kọ́nà kankan, kí o ka kókó rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ. Lẹ́yìn náà, lọ bá ẹni tó so ó fún ọ, kí o bi í léèrè irú wáyà tó lò àti ibi mélòó tó ti so ó pọ̀. Má sọ fún mi pé o mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó. Wọ̀n ọ́n.